Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé àrùn COVID-19 ti di àjàkálẹ̀ kárí ayé, kò pẹ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlẹ̀kùn ní orílẹ̀-èdè kan tẹ̀lé èkejì, títí tó fi di pé ní oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, kà pé wọ́n jókòó sílé ju bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà mọ́ ọn ni àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀dọ́ ní àdúgbò lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde: kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ ìwé kíkà, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ìrànlọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn náà dákẹ́. Ní àkókò kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ní ìmọ̀, wọ́n sì ní wákàtí tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Ní ilẹ̀ Ítálì lọ́dún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yọ̀ǹda ara wọn láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìpele kìíní lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba owó, olùkọ́ kan sí ọmọ kan, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí tó ṣètò rẹ̀ fi àwọn ọmọ tó rí olùkọ́ wé àwọn tí kò rí, wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ wọn gbé pẹ́ẹ́lí sí i, ọkàn wọn sì fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Àwọn tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi ohun kan sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ tó wọlé tó jókòó síwájú yín kò ní fún yín ní wàhálà púpọ̀, ọmọ tí kò wọlé gan-an ni iṣẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ẹni tó ti mọ àwọn ọmọ náà

Ẹ má ṣe dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ilé ìkàwé àdúgbò, ilé ìjọsìn, ẹgbẹ́ àwọn òbí tàbí ètò ọ̀dọ́ tó ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé ti ní ohun tí ẹ kò lè fi oṣù kan kó jọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ, nọ́ńbà fóònù àwọn òbí, àti ìgbẹ́kẹ̀lé. Òbí tí kò mọ̀ yín rí kò ní gbé ọmọ rẹ̀ síwájú kámẹ́rà fún yín, kò sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí alákòóso ètò náà, kí ẹ sọ iye yín, ohun tí ẹ lè kọ́ni, iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè yọ̀ǹda lọ́sẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ óò bá wọn dé. Ẹ jẹ́ kí iye wákàtí náà kéré sí èyí tí ẹ rò pé agbára yín gbé, nítorí ìdánwò tiyín náà ń bọ̀, àìsàn sì lè wọ ilé tí ẹ̀yin fúnra yín wà. Ẹni tó ṣèlérí wákàtí mẹ́fà ni a sábà máa ń wá tì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹni tó sọ pé wákàtí méjì péré ni òun ní, òun ló máa ń wà níbẹ̀ títí sáà fi parí.

Kí ọmọ kankan tó gbọ́ ohùn yín, ó ní àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, nínú ìwé tó sọ ọjọ́ àti aago ẹ̀kọ́, ọ̀nà tí ẹ óò gbà pàdé, àti orúkọ àwọn tí yóò máa kọ́ ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àgbàlagbà kan nínú ètò náà tí ẹ óò máa kó ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ lọ bá. Bí òfin ibi tí ẹ wà bá ní kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìwà ẹni tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ tiyín wò, kódà bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì dá yín dúró.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ilé là á wò kí a tó yan ẹ̀rọ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń sọ ọmọ lórúkọ tán kí wọ́n tó rántí ilé. Wọ́n á ti yan Zoom tàbí Google Meet, wọ́n á ti fi líǹkì ránṣẹ́, ẹnu á wá yà wọ́n pé àwọn ọmọ tó wọlé kò tó ìdajì. Ẹ pín àwọn ilé láàárín ara yín, kí ẹ pe òbí kọ̀ọ̀kan lórí fóònù kí ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ kò tó fún èyí. Ẹ béèrè irú ẹ̀rọ tó wà nílé, ẹni tó ni ín, àwọn mìíràn tó ń lò ó, aago tí ọwọ́ máa ń dilẹ̀ lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, àti bóyá ọmọ náà ní ibi tó lè jókòó sí tí ariwo kò pọ̀. Nínú gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, èyí tó kan ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kí ẹ dúró lé jù. Ó lè jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo ni ọmọ mẹ́ta ń pín lò, tí bàbá wọn sì ń mú un lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ títí di aago méje alẹ́. Kò sí bí kíláàsì aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣe lè dára tó tí yóò wúlò fún irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ èsì gbogbo ìpè náà sínú tábìlì kan, kí ẹ sì fi ọmọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré jù ṣe òdiwọ̀n ètò yín. Ìṣirò díẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́ níbí, kí ẹ ṣáà rántí pé bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Bí ìpàdé bá ń lo ohùn nìkan ní ìwọ̀n kílóbíìtì 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan yóò jẹ mẹ́gábáìtì 36. Bí ó bá jẹ́ fídíò tó ń lo kílóbíìtì 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan náà yóò jẹ mẹ́gábáìtì 270, èyí tí fóònù ọmọ náà ń gbà wọlé nìkan sì nìyẹn, láìtíì ka èyí tó ń fi ránṣẹ́. Nínú ìdílé tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ló máa ń pinnu bóyá ọmọ á ṣì wà ní kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ má sì fojú kékeré wo ìpè fóònù lásán. Ní Botswana lọ́dún 2020, nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, àwọn olùkọ́ kan ń pe ilé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní ìṣirò díẹ̀ nínú ṣáájú ìpè náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè mọ ìṣirò sí i, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ láìsí ìpè kò mú irú èso bẹ́ẹ̀ wá. Kò sí fídíò níbẹ̀ rárá. Bí ìdá mẹ́ta àwọn ọmọ yín kò bá ní ju fóònù oníbọ́tìnnì lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ má sì rò pé ẹ ń fún wọn ní àjẹkù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gé ẹ̀kọ́ náà kúrú

Zoom máa ń gé ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn tí kò sanwó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ráhùn lórí èyí. Èmi kà á sí oore, nítorí pé ọ̀dọ́ tó ti tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 40 ti ṣe gudugudu méje. Ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ láti kí ara yín àti láti wo iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ṣe, kí ẹ fi bíi mẹ́wàá kọ́ wọn ní ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi àkókò tó kù sílẹ̀ fún wọn láti ṣe é fúnra wọn níṣojú yín. Bí ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn kò bá gba inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun méjì ni, ẹ pín in.

Ẹ jẹ́ kí àwùjọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ sì to wọ́n jọ nípa ohun tí wọ́n mọ̀, kí ẹ má ṣe wo ọjọ́ orí nìkan. Láti mọ ohun tí wọ́n mọ̀, ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ bi wọ́n lẹ́nu ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ti tó. Ìdánwò gígùn lórí ẹ̀rọ máa ń lé àwọn tí ẹ ń wá gan-an lọ.

Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà orí ìwé, ojú ewé kan, tí ọmọ lè kọ sílẹ̀ láti inú àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí tí ètò náà lè tẹ̀ kó sì gbé lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni, Scratch, ètò tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí àwọn ará yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde fún gbogbo ayé lọ́dún 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 8 sí 16, ṣeé gbà sórí kọ̀ǹpútà kí ọmọ sì máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò bá ojú fóònù kékeré mu. Ọmọ tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kọ àwọn àṣẹ ètò náà sórí ìwé, kí ó kà wọ́n sókè, kí ọmọ mìíràn tó ní kọ̀ǹpútà gbé wọn sójú ẹ̀rọ. Ọ̀nà yìí máa ń dùn mọ́ wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé ẹni tó ń pàṣẹ á rí àṣìṣe ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ti ìlẹ̀kùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àwọn oníjàgídíjàgan ń já wọ inú ìpàdé àwọn ẹlòmíràn lórí Zoom, wọ́n ń gbé àwòrán tí kò yẹ kí ọmọdé rí síta, títí tí ilé iṣẹ́ náà fi sọ ọ̀rọ̀ aṣínà àti yàrá ìdúró (níbi tí ẹni tó fẹ́ wọlé ti ń dúró kí olùkọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún un) di ohun tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ẹ má ṣe pa èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ má fi líǹkì sí ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Òbí nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Olùkọ́ nìkan ni kó lè fi ojú ẹ̀rọ rẹ̀ hàn, kí ẹ sì ti ọ̀nà tí ọmọ kan lè gbà kọ̀wé sí ọmọ mìíràn níkọ̀kọ̀ nínú ìpàdé. Orúkọ kan ti tó lórí ojú ẹ̀rọ, kò sí ìdí fún orúkọ ìdílé. Ẹ má ṣe gba fídíò kíláàsì sílẹ̀, bí kò ṣe pé òbí gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ti fọwọ́ sí i, kí ẹ má sì ya àwòrán ojú ẹ̀rọ láti fi ṣe fáàrí pé ẹ ń ṣiṣẹ́ rere.

Ìlẹ̀kùn kejì wà tó ṣòro tì ju èyí lọ, òun sì ni èyí tó wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn ọmọ náà. Ọjọ́ orí yín kò jìn sí tiwọn, wọ́n á fẹ́ràn yín, wọ́n á sì fẹ́ máa kọ̀wé sí yín lálẹ́. Ìlànà tó yẹ kí ẹ dì mú ni pé àgbàlagbà méjì ni yóò máa wà nínú gbogbo ìpàdé, àti pé kò sí olùkọ́ tí yóò máa bá ọmọ kan kọ̀wé síra wọn níkọ̀kọ̀. Bí ọmọ bá kọ̀wé sí yín lórí nọ́ńbà yín, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ìfẹ́ nínú àwùjọ tí òbí rẹ̀ tàbí alákòóso wà, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un kí ó má bàa rò pé ẹ lé òun. Níbi tí ètò yín bá ti jẹ́ olùkọ́ kan sí ọmọ kan, ẹ jẹ́ kí òbí wà ní itòsí tàbí kí alákòóso lè wọlé nígbàkígbà láìkan ìlẹ̀kùn.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ọmọ kan sọ ohun tó wúwo fún yín, pé ẹnì kan ń lu òun nílé, tàbí pé kò sí oúnjẹ, tàbí ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Òfin kónílé-ó-gbélé máa ń pa àwọn ọmọ mọ́ sínú ilé pẹ̀lú ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ará ìta tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe ṣèlérí pé ẹ óò pa á mọ́ láṣìírí, ẹ má sì máa wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́, ẹ sọ fún un pé ẹ óò sọ fún ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, kí ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yín kí ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ó bá dà bí ẹni pé ewu náà wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ jọ fi èyí dánra wò láàárín ara yín kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àyà máa ń já nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nínú kíláàsì

Olùkọ́ méjì náà kò gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹnì kan á máa kọ́ni, èkejì á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, á máa ka ohun tí àwọn ọmọ ń kọ, á sì máa wo ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì gbé jáde kó lè pè é padà. Ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n pààrọ̀ ipò.

Ẹ má fi ipá mú ọmọ tan kámẹ́rà. Ẹ kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, yàtọ̀ sí pé dátà rẹ̀ ni kámẹ́rà náà ń jẹ. Ẹ ní kó fi ọ̀rọ̀ kan, nọ́ńbà kan tàbí ohùn rẹ̀ dáhùn. Bí kámẹ́rà bá wà ní títàn, ẹ ní kí gbogbo wọn kọ ìdáhùn gàdàgbà sórí ìwé kí wọ́n sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ óò sì mọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Mary Budd Rowe, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, ṣàkíyèsí pé àwọn olùkọ́ kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀, àti pé nígbà tí wọ́n dúró dé mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló ti rí èyí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ohùn ti ń pẹ́ kó tó dé, tí ọmọ sì ní láti tan máìkì rẹ̀ ná, èmi a máa kà dé mẹ́jọ nínú ọkàn mi. Ó máa ń ṣe ènìyàn bí ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹ dúró.

Kí ẹ sì ti jọ fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tí gbogbo yín yóò ṣe bí ìpàdé bá já: bóyá a ó padà sórí líǹkì kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí olùkọ́ yóò pe ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọmọ tí kò wọlé

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìpàdé bá parí. Ẹ mú ìwé orúkọ, kí ẹ sì wo àyè tó ṣófo. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pe ilé náà, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín sì jẹ́ pé a wá ọmọ náà tì, ara rẹ̀ dá bí? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí kò fi wá, nítorí ó máa ń dún létí òbí bí ẹ̀sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ óò gbọ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀kọ́: dátà tán, fóònù bàjẹ́, ìyá ń ṣàìsàn, tàbí ojú ti ọmọ náà nítorí pé kò ṣe iṣẹ́ tí ẹ fún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀, ẹ kò sì lè mọ̀ ọ́n láìbéèrè. Bí ọmọ bá pa ìpàdé méjì jẹ léraléra, ẹ fi tó alákòóso létí kí òun náà pe ilé, nítorí ọ̀rọ̀ máa ń jáde fún ẹni tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ tó pàdánù ẹ̀kọ́ nílò ọ̀nà tí yóò fi padà wọlé láìsí ìtìjú. Nígbà tí Salman Khan, ará Amẹ́ríkà tó wá dá ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì Khan Academy sílẹ̀, ń kọ́ ìbátan rẹ̀ kan ní ìṣirò láti ìlú mìíràn lọ́dún 2004, orí fóònù àti ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń pàdé; nígbà tí àwọn ìbátan tó ń kọ́ pọ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò kúkúrú sórí YouTube lọ́dún 2006, kí oníkálùkù lè wò ó nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ lè ṣe bákan náà pẹ̀lú ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ gbà sílẹ̀ lórí fóònù, tó ṣàlàyé ohun kan ṣoṣo tí ẹ kọ́ lọ́jọ́ náà. Kò wúwo, ọmọ sì lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nínú rẹ̀, ohùn yín nìkan ni kó wà, láìsí ti ọmọ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tọ́jú ara yín, kí ẹ sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ̀yin olùkọ́ nìkan, kí ẹ sọ ohun tó ń wúwo lọ́kàn yín. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi, kó sọ ọ́ ṣáájú ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì fi ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ han àwọn ọmọ nínú ìpàdé kan tí àwọn méjèèjì jọ wà. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kàn pòórá kò ní tètè gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó dé lẹ́yìn.

Ẹ sọ ọjọ́ ìparí fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì rán wọn létí rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé, ẹ fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré tó sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ti lè ṣe báyìí, kí ẹ kó gbogbo àkọsílẹ̀ fún ètò àdúgbò náà, kí ẹ sì pa nọ́ńbà àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ́ kúrò lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà yín. Nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ óò kó fún wọn náà, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó lọ tí wọn kò padà wá: orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, iye ìgbà tí ẹ pe ilé rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ, àti aago tí fóònù máa ń wà nílé, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín lè pè wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́.